Aago ta ni prósẹ́sọ̀ sinimá ilé yín ń tẹ̀ lé? Bí ẹ ṣe lè wá jitter rí, kí ẹ sì mọ ohun tí kì í ṣe jitter

Tí ohùn bá ń ta kó-kó láàárín fíìmù, tàbí tó dákẹ́ fìrí kó tó padà, orúkọ kan náà ni wọ́n máa ń sọ gbogbo rẹ̀ lọ́jà: jitter. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ á ra wáyà olówó gọbọi, kó-kó náà ò sì ní lọ. Jitter gidi kì í ta kó. Aago méjì tí kò bá ara wọn rìn ló ń ta kó, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í sábà ná kọ́bọ̀. Jitter ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ìwọ̀n la fi ń rí i ju etí lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: aago ta ni wọ́n ń tẹ̀ lé nínú ilé yìí?

Ta ló ni aago?

Ohùn inú CD jẹ́ nọ́ńbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti fíìmù jẹ́ 48,000. DAC ló ń sọ àwọn nọ́ńbà náà di iná tí ańpílífáyà lè gbé. Ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà pé kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jáde lásìkò rẹ̀ gan-an, bí onígúdúgúdú ṣe ń lu tirẹ̀ láìyẹsẹ̀ kí ìyáàlù lè rí ibi gbé ọ̀rọ̀ lé. Krístà kékeré kan ló ń lu ìlù náà: 22.5792 MHz fún ìdílé 44.1 kHz, 24.576 MHz fún ìdílé 48 kHz. Tí ìlù náà bá ń yá díẹ̀, tó tún ń pẹ́ díẹ̀, tó ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn, nọ́ńbà tó tọ́ á bọ́ sí àsìkò tí kò tọ́. Gbígbọ̀n yẹn ni jitter. Krístà méjì tí kálukú wọn ń lu ìlù tó dúró ṣinṣin, àmọ́ tí ọ̀kan yára ju èkejì lọ, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.

Ọ̀nà tí ohùn gbà wọ prósẹ́sọ̀, ìyẹn àpótí tó ń gba ohùn fíìmù kó tó dé ańpílífáyà, ló ń sọ ẹni tó ni aago.

Ní coaxial (wáyà bàbà) àti optical (wáyà ìmọ́lẹ̀), inú ohùn fúnra rẹ̀ ni aago wà. Bí ìgbì ṣe ń yí láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni prósẹ́sọ̀ ń wò, òun ni PLL inú rẹ̀, ẹ̀ka tó ń tẹ̀ lé aago tó ń wọlé, fi ń tún ìlù náà lù. Tí wáyà bá sọ etí ìgbì náà di bòròbòrò, ibi tí ìyípadà ti ṣẹlẹ̀ á máa sún díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí nọ́ńbà tó ń kọjá bá ṣe rí. Ìdí nìyí tí coaxial fi gbọ́dọ̀ jẹ́ wáyà 75 ohm, tí kì í ṣe wáyà RCA èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀.

HDMI ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú àlàfo tó wà láàárín àwòrán ni ohùn máa ń sá pamọ́ sí, kò sì sí aago ohùn kankan lórí wáyà náà. Títí dé HDMI 2.0, nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ránṣẹ́ máa ń fi kún un, N àti CTS. Prósẹ́sọ̀ á mú aago àwòrán, á sọ ọ́ di ìlọ́po N, á pín in sí ọ̀nà CTS, ohun tó bá kù á jẹ́ ìlọ́po 128 aago ohùn. Ẹ wo 1080p tó jẹ́ àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá: aago àwòrán jẹ́ 148.5 MHz, N jẹ́ 6144, CTS jẹ́ 148,500. Ẹ ṣe é lórí kálíkúlétọ̀, 6.144 MHz lẹ máa rí, ìyẹn 48,000 lọ́nà 128. Aago àwòrán ló bí aago ohùn. Ohunkóhun tó bá ń gbọ̀n nínú àwòrán lè ran ohùn, àfi tí PLL inú prósẹ́sọ̀ bá dára. Èyí ló fà á tí HDMI fi máa ń fi jitter hàn ju coaxial lọ lórí ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ayé ń lò.

Tí ohùn bá gba USB oní-asynchronous wọlé, tàbí tí prósẹ́sọ̀ ń fa fáìlì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fláàṣì tẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́ lára, krístà tirẹ̀ ló ń lò. Kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa lò ó láìpẹ́.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ gan-an: pé téèyàn bá fi bitstream (ohùn tí wọ́n dì pọ̀, tí wọn ò tíì tú) ránṣẹ́ dípò PCM (nọ́ńbà ohùn tí wọ́n ti tú), jitter á tán nítorí pé prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ló tú Dolby tàbí DTS. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti tú u, àmọ́ ìwọ̀n ìyára tí wọ́n fi ń tú u ṣì ń bọ̀ láti orí wáyà.

Ẹ kọ́kọ́ pa kó-kó

Ká ní krístà kan yára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú 100 nínú mílíọ̀nù kan. Ní 48 kHz, nọ́ńbà 4.8 ló máa ṣẹ́ kù tàbí pọ̀ jù ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá. Tí àpò ìpamọ́ tó wà láàárín wọn bá gba 480, láàárín 100 ìṣẹ́jú-àáyá ó ti kún tàbí ó ti gbẹ, wọ́n á fo nǹkan kan, ẹ ó sì gbọ́ ọ. Àmì rẹ̀ ni pé ó máa ń wá déédéé. Ẹ mú aago fóònù, kí ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín kó kan sí èkejì, bí ìgbà mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ iye kan náà ló ń wá, aago méjì ló ń jà. Tó bá wá ségesège, wáyà HDMI tí kò wọlé dáadáa, ẹ̀rọ tó gbóná jù, tàbí Wi-Fi ni kí ẹ fura sí.

Bó ṣe ń dún náà ní ìtumọ̀. Lórí PCM, nọ́ńbà ẹyọ kan tó fò á ta kó lásán. Lórí Dolby Digital, wọn ò lè fo ẹyọ kan. Odindi férémù, ìyẹn ìdì kan, ló ń lọ, nọ́ńbà 1,536, tí í ṣe 32 ẹgbẹ̀rún-ìdá ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fìrí lẹ máa gbọ́, bí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ mì.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo fíìmù ló sábà máa ń fa èyí. Ẹ wo Kodi, áàpù tí wọ́n fi ń wo fíìmù: nínú Settings, Player, Videos, "Sync playback to display" wà níbẹ̀. Tó bá wà ní títàn, Kodi á máa fi ìyára tẹlifíṣọ̀n darí fíìmù, á sì máa na ohùn tàbí kó súnkì í kó lè bá a mu. Àmọ́ bitstream kò ṣeé nà. Nítorí náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fo férémù tàbí kó tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá ń lo passthrough, ìyẹn fífi bitstream ránṣẹ́ láìtú u, ẹ pa á, kí ẹ sì yí "Adjust display refresh rate" sí On start/stop. Fíìmù tó jẹ́ àwòrán 23.976 ní ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n gbé sórí 24.000 yàtọ̀ pẹ̀lú 1 nínú 1,000, ìyẹn sì ju àṣìṣe krístà èyíkéyìí lọ fíìfíì.

Ibòmíràn tó tún yẹ kí ẹ wò ni DSP (àpótí tó ń tún ohùn ṣe) tẹ́ ẹ so mọ́ ẹ̀yìn prósẹ́sọ̀ pẹ̀lú optical. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ rí i pé orísun aago rẹ̀ kò sí lórí Internal. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé optical tó ń wọlé. Ọ̀gá kan ṣoṣo ni kó wà.

Wíwọn jitter

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò kò pọ̀: kọ̀ǹpútà, REW, áàpù ìwọ̀n ohùn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, interface USB oní-24-bit (àpótí tó ń gba ohùn wọ kọ̀ǹpútà) tó ní line input, wáyà RCA sí jáàkì 6.35 mm kan, àti fláàṣì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ pa gbogbo ańpílífáyà. Tó bá jẹ́ rísífà tí ańpílífáyà wà nínú rẹ̀, ẹ tú wáyà sípíkà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn tẹ́ ẹ fẹ́ lò jẹ́ 12 kHz, agbára rẹ̀ sì kù díẹ̀ kó kún. Etí kì í gbọ́ ọ bí ohun tó pariwo, èèyàn á tún yí fólúùmù sókè, twítà á ti jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí.

1. Nínú Generator REW, ẹ yan J-test, 24-bit, 48 kHz, kí ẹ tọ́jú ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ sí fáìlì WAV. Julian Dunn ló gbé ìdánwò yìí kalẹ̀: ohùn kan ní ìdá mẹ́rin ìyára, 12 kHz, àti bíìtì tó kéré jù lọ tó ń tàn tó ń kú ní ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó lè ta àbùkù wáyà àti PLL jí.

2. Ẹ fi prósẹ́sọ̀ sí Direct tàbí Pure Direct, pa àtúnṣe yàrá, kí ẹ wò ó lójú ẹ̀rọ pé PCM 48 kHz ló kọ.

3. Ẹ so pre-out iwájú apá òsì, ihò tí ohùn ti ń jáde lọ sí ańpílífáyà, mọ́ interface, 96 kHz, kí ẹ yí fólúùmù títí ìwọ̀n á fi dé nǹkan bí −6 dBFS (0 dBFS ni ibi tó ti kún).

4. Nínú RTA, ojú ìwé REW tó ń ya àwòrán ohùn, ẹ yan Spectrum, FFT 128k, fèrèsé Blackman-Harris 7, àròpín 16. Ẹ sún ojú ìwòye mọ́ 11 sí 13 kHz.

5. Ẹ kọ́kọ́ ti fláàṣì bọ prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ lára, kí ẹ jẹ́ kí fáìlì náà dún láti ibẹ̀, kí ẹ tọ́jú àwòrán rẹ̀. Krístà tirẹ̀ nìyẹn, láìsí ẹnì kankan tó ń tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí fáìlì kan náà dún láti orí pléyà yín, nípasẹ̀ HDMI, coaxial, optical, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ láàárín àwòrán wọ̀nyí ló ṣe pàtàkì, nítorí interface náà ní jitter tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú gbogbo wọn bákan náà. Àwọn kan máa ń so output interface mọ́ input rẹ̀ láti mọ bí ó ṣe mọ́ tó. Ìyẹn ń tanni jẹ: aago kan ló ń darí méjèèjì, gbígbọ̀n rẹ̀ sì ń pa ara rẹ̀ rẹ́.

Kíka ohun tẹ́ ẹ rí

Jitter máa ń yọ ìwo méjì sí ẹ̀gbẹ́ 12 kHz, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, wọ́n sì bára dọ́gba. Ẹ wọn bí ìwo náà ṣe fi rẹlẹ̀ sí ohùn àárín. Ìwo tó wà ní −80 dB jẹ́ jitter 2.65 ns ní góńgó rẹ̀, ns kan sì jẹ́ ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá; −90 dB jẹ́ 0.84 ns; −100 dB jẹ́ 0.27 ns. Ìwo tó jìnnà ní 250 Hz sí 12 kHz wá láti inú nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ẹ fura sí wáyà tàbí ẹni tó ń gba optical. Èyí tó jìnnà ní 50 tàbí 100 Hz, iná ilé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ínfátà, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lórí ínfátà, lẹ́ẹ̀kan lórí iná NEPA. Ínfátà tí ìgbì rẹ̀ kì í ṣe sine gidi máa ń fi ara hàn níbí. Tí ìdí òkè àárín bá gbòòrò bí yẹ̀rì, jitter tó ń lọ́ra tí kò ní ètò ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwo ni jitter. Pówà tí kò mọ́ lè fa ìwo tó jọ ọ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ohùn 6 kHz tí agbára rẹ̀ jẹ́ bákan náà dún. Ìwo jitter á fi 6 dB wálẹ̀ nítorí ohùn ti lọ́ra ní ìlọ́po méjì. Ìwo tó dúró sójú kan, ẹ̀sùn pówà nìyẹn.

Mélòó ló wá pọ̀ jù? Ní 1998, Eric Benjamin àti Benjamin Gannon ròyìn ìdánwò etí wọn fún AES, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn: lórí ohùn ẹyọ kan tó ga gan-an, nǹkan bí 10 ns rms (rms jẹ́ irú àròpín kan) ni àwọn tó gbọ́ ọ ti dá jitter mọ̀, ti orin ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ìdánwò tiwa, 10 ns rms túmọ̀ sí ìwo tó wà ní nǹkan bí −65 dB. Prósẹ́sọ̀ tó bá wà ní −95 kò ní ohun tí etí ń wá nínú rẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá ń gbọ́, ẹ wá a lọ sí ìbòmíràn: yàrá, ibi tí sípíkà wà, fólúùmù tí kò dọ́gba.

Tó bá nílò àtúnṣe

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wáyà coaxial 75 ohm gidi. Tó bá jẹ́ optical ló ní ìwo 250 Hz, ẹ fi coaxial rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tún wọ̀n. Tó bá jẹ́ HDMI, tí pléyà yín sì ní HDMI kejì tó wà fún ohùn nìkan, ẹ lo ìyẹn. Pléyà àti prósẹ́sọ̀ Pioneer kan ní PQLS, ti Sony kan ní H.A.T.S.; iṣẹ́ wọn ni pé prósẹ́sọ̀ á di ọ̀gá, pléyà á máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ àfi tí àwọn méjèèjì bá ní in. Fún orin, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ fa fáìlì fúnra rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé.

Ní ti àpótí aago tí wọ́n ń tà lówó ńlá: ẹ wo ẹ̀yìn prósẹ́sọ̀ yín. Tí kò bá sí ihò BNC tí wọ́n kọ Word Clock sí, kò sí ibi tí àpótí náà máa gbà wọlé. Tó bá wà, ìlù tó ń bọ̀ láti ìta á tún gba inú PLL kọjá kó tó dé DAC, krístà dáadáa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ DAC sì sábà máa ń mọ́ ju ìyẹn lọ. Sítúdíò tí ẹ̀rọ mẹ́wàá ti gbọ́dọ̀ jọ rìn ló nílò rẹ̀; níbẹ̀, ẹ̀rọ tó kẹ́yìn lórí wáyà nìkan ni ẹ máa fi 75 ohm pa ẹnu rẹ̀.