Bí tramadol bá ti di bárakú fún ọmọ yín

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìkòròdú. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í gbé ọmọ wọn wá bá wa àfi ìgbà tí wọ́n bá ti tì í mọ́lé, tí wọ́n ti gbààwẹ̀ títí, tí agbára sì ti pin. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má dè é mọ́lẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà lọ, ṣùgbọ́n àìsàn ni èyí, ó sì ní ìtọ́jú.

Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀ ni kí ẹ bi í léèrè. Kí ló ń lò? Èyí tí NAFDAC fọwọ́ sí kò kọjá 100 míligíráàmù, ṣùgbọ́n 225 ń bẹ nígboro. Ṣé ó ń fi párága tàbí oògùn oorun kún un? Ẹ mú páálí rẹ̀ dání. Ẹ má sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Dókítà ló yẹ kó dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ pe NDLEA lórí 080010203040, ọ̀fẹ́ ni. Tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yábàá tì yín lójú, kì í ṣe ẹni tí orí rẹ̀ dàrú nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá buprenorphine tàbí methadone wà, ìyẹn oògùn tí dókítà fi ń rọ́pò tramadol, torí kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń rí i. Abẹ́ ahọ́n ni buprenorphine ń gbé títí á fi yọ́, a kì í gbé e mì. Kí ó tó lò ó nígbà àkọ́kọ́, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa ṣomi, kí ó máa yán, kí ara máa ro ó. Bí oògùn ìgboro bá ṣì kún ara, ìnira náà á le sí i. Àwọn kan á ní oògùn lẹ fi rọ́pò oògùn. Ṣé ẹ máa ń gba insulin lọ́wọ́ oníàtọ̀gbẹ ni? Ó lè lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní ọdún. Ẹ má kánjú dá a dúró.

Ọlọ́kadà tó ń lò ó nítorí ẹ̀yìn ríro, àfi kí wọ́n tọ́jú ẹ̀yìn náà. Kí ó sì máa bá agbaninímọ̀ràn jókòó déédéé, kí wọ́n jọ wá ohun tó ń tì í síbẹ̀: àárẹ̀, gbèsè, ọ̀rẹ́ ní gáráàjì. Ẹ máa tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ nígbà míì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni ẹni tó ti simi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó wá padà lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lè pa á. Bí mímí rẹ̀ bá ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì dárúkọ oògùn náà fún dókítà láìfi nǹkan kan pamọ́, torí abẹ́rẹ́ naloxone wà tó lè dá èémí padà.