Bí mo ṣe ta fíláàṣì àlòkù mi méjì àti gbogbo ẹrù iná tó tẹ̀ lé wọn

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ya ìnáwó kiri ní Ìbàdàn pẹ̀lú fíláàṣì Godox V860II méjì, èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà Nikon, àti trigger X1T-N kan tó ń darí wọn láti orí kámẹ́rà. Nígbà tó wá di pé fídíò làwọn kọ́sítọ́mà ń béèrè ju fótò lọ, iná LED ló kù tí mo nílò, owó ẹ̀ ò sì sí nílẹ̀, ni mo bá ní kí n ta àwọn ẹrù yìí: fíláàṣì méjèèjì, trigger, softbox méjì (àpótí aṣọ tó ń mú kí iná fíláàṣì rọ̀), agbòòrùn funfun kan, sítáàǹdì mẹ́ta.

Mo kọ́kọ́ ṣe é bó ò ṣe yẹ. Mo da gbogbo ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ya fótò ẹyọ kan, mo kọ ọ́ pé "ẹrù iná fún títà, ó ṣì dáa gan-an", mo gbé e sórí status. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tó ń béèrè iye pọ̀ lọ súà, ẹni tó máa rà ò sí. Mi ò lè bá wọn jà, torí ẹni tó fẹ́ ra fíláàṣì àlòkù, ẹ̀rù ẹyọ kan ló ń bà á, pé ṣé kò ní kú mọ́ òun lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíì, fótò tí mo gbé síbẹ̀ ò sì dá a lóhùn.

Ni mo bá jókòó tì í lọ́jọ́ kan tí mi ò níṣẹ́. Mo fi òwú àti spirit nu ẹsẹ̀ wọn níbi tó ti ń wọ kámẹ́rà, torí ìdọ̀tí ibẹ̀ máa ń jẹ́ kí fíláàṣì máa ṣe ségesège. Ike iwájú ọ̀kan ti ní àpá ìjóná díẹ̀, mo ya àpá náà dáadáa, mi ò fi pamọ́. Mo ṣáàjì bátìrì, mo gbé fóònù kalẹ̀ mo ń ká fídíò bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní fúúlù páwà, ìgbà 20 (ẹ má jẹ́ kó kọjá 30 láìsinmi o, ó máa gbóná jù). Èyí àkọ́kọ́, bó bá ti bù yẹ̀rì báyìí, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tó fi ṣe tán fún òmíì. Èkejì ń wọ́, ó ń lọ sí mẹ́rin. Mo pààrọ̀ bátìrì wọn síra wọn, àìsàn náà bá bátìrì lọ, àṣé fíláàṣì ò ní nǹkan kan, bátìrì VB18 ẹ̀ ló ti rẹ̀. Bátìrì kẹta tí mo ní ti wú, ìyẹn mi ò tà á, mi ò sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì lithium tó ti wú lè gbiná.

Mo wá pín ẹrù sọ́tọ̀sọ́tọ̀, fídíò tiẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le, ₦85,000. Èkejì ₦60,000, mo kọ ọ́ gbàǹgbà pé bátìrì ẹ̀ ti rẹ̀, mo ti yọ owó òmíì kúrò. Ọjọ́ kejì ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè, Sony ló ń lò. "Ẹ̀gbọ́n, Nikon lẹ kọ síbẹ̀, kò lè bá tèmi ṣe." Mo ní lórí kámẹ́rà, òótọ́ ni, má gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti wà lórí sítáàǹdì, ọ̀rọ̀ trigger ló ń gbọ́, tí trigger Godox tìẹ bá ti jẹ́ ti Sony, ìgbì rédíò 2.4 GHz kan náà ni wọ́n ń lò. X1T-N tèmi ni kò lè wúlò fún ẹ, má rà á. Kò gbà gbọ́, mo ní kó gbé kámẹ́rà wá. A pàdé ní Dùgbẹ̀, níwájú báǹkì, a fi channel àti group (nọ́ńbà àti lẹ́tà tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn) sí ọ̀kan náà, ó tẹ̀ ẹ́, fíláàṣì dáhùn, ojú ẹ̀ tàn yẹ́ríyẹ́rí! Ó fi rìsíìtì transfer hàn mí, mo ní kó máà bínú, kó jẹ́ kí owó wọ app báǹkì mi ná, a dúró bí ogún ìṣẹ́jú kó tó wọlé, kò sì ráhùn.

Èkejì àti trigger, ọmọbìnrin kan tó ń lo Nikon ní Òṣogbo ló rà á. Mo yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀, mo fi téèpù bo ẹnu ẹ̀, mo fi fóòmù wé gbogbo ẹ̀, mo ká fídíò bí mo ṣe ń dì í, mo wá fi ránṣẹ́ láti Ìwó Road. Ìrọ̀lẹ́ ló pè: "Bọ̀ọ̀dá, ó ti dé o, ó ń tàn!" Ọkàn mi balẹ̀.

Softbox, díẹ̀ ló kù kí n tà á láìfi bracket S-type tó ń gbá fíláàṣì mú sí i, ẹni tó rà á ì bá sì ti há. Ọ̀kan nínú ọ̀pá softbox kejì ti tẹ̀, mo dín owó ẹ̀ kù. Sítáàǹdì tà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Agbòòrùn yẹn nìkan ló ṣẹ́kù, ó ti lu, mi ò gbé e jáde mọ́, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ìmọ́lẹ̀ sójú èèyàn.