Focus tó ń fò nínú timelapse: bí a ṣe lè mú un rìn jẹ́jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ya timelapse ìrọ̀lẹ́ (ọ̀pọ̀ fọ́tò tí a yà léraléra, tí a wá tò pọ̀ di fídíò) lórí Òkè Màpó, n'Ìbàdàn. Òdòdó kan wà níwájú lẹ́ǹsì, àwọn òrùlé páànù wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fẹ́ kí focus, ìyẹn ibi tí lẹ́ǹsì ti ń mú àwòrán mọ́ kedere, kúrò lára òdòdó, kó rọra lọ bá òrùlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo to àwọn fọ́tò pọ̀ di fídíò, ńṣe ló ń fò. Mo ti pa autofocus (ètò tí kámẹ́rà fi ń yí focus fúnra rẹ̀) o, ọwọ́ ni mo fi ń yí òrùka focus tó wà lára lẹ́ǹsì.

Ìdáhùn: Àbúrò, ó dáa tó o ti pa autofocus. Ìwọ̀n tó ò ń yí ni kò dọ́gba. Ṣírò rẹ̀ kó o tó ya fọ́tò àkọ́kọ́. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 10, tó ń lo fọ́tò 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fọ́tò 250 ló máa gbà. Má jẹ́ kí focus máa rìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìṣẹ́jú àáyá 4 láàárín ti tó, fọ́tò 100 nìyẹn. Bí òrùka lẹ́ǹsì bá ní láti yí 100°, 1° ló kan fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Ìka ò lè mọ 1°. Wá ọ̀pá tín-ín-rín kan, dè é mọ́ òrùka náà kó le dáadáa, kí ṣóńṣó rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí àárín lẹ́ǹsì. Gbé páálí sẹ́yìn ṣóńṣó náà, kó o fi bírò sàmì sí i. 1° níbẹ̀ ti di ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ojú sì ń rí ìyẹn kedere. Jẹ́ kí àwọn àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí súnmọ́ra ju ti àárín lọ, kí focus má baà gbéra lójijì tàbí kó dúró gbagidi.

Má fi iye mítà tí nǹkan fi jìnnà pín ìrìn focus náà o! Lórí ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì, láti ìdajì mítà dé mítà 1 ń gba àyè lórí òrùka tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú láti mítà 1 dé ibi tó jìnnà jù lọ. Ẹni tó bá fi mítà pín in, òdòdó á ti di bàìbàì ní fọ́tò kejì, ìyókù ò sì ní fi ìyàtọ̀ gidi hàn mọ́.

Gbàrà tí kámẹ́rà bá ya fọ́tò tán ni kó o yí i, kí tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé kámẹ́rà dúró) lè ráyè dẹ́kun gbígbọ̀n kí òmíràn tó dé.

Ìbéèrè: Mo dá òrùka padà sí àmì àkọ́kọ́, àmọ́ focus ò padà síbẹ̀. Lẹ́ǹsì tuntun ni o.

Ìdáhùn: Ohun tó fà á nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì tuntun, òrùka ò so mọ́ gíláàsì inú. Mọ́tò ló ń gbé e. Bó o bá yára yí òrùka, focus lè lọ jìnnà ju ìgbà tó o rọra yí i lọ. Àwọn kámẹ́rà kan ní ètò linear fún òrùka, tó ń jẹ́ kí focus rìn ní ìwọ̀n tó o yí òrùka, bó ti wù kó o yára tó. Bí tìrẹ bá ní in, tan án. Bí kò bá ní, lẹ́ǹsì àtijọ́ tó jẹ́ ọwọ́ pátá ni mo fara mọ́. Ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í tún ara rẹ̀ ṣí kó tún pa dé ní fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì ń dín bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń mọ́lẹ̀ tó ń ṣókùnkùn láti fọ́tò dé fọ́tò kù nínú fídíò.

Ìbéèrè: Bí focus ṣe ń lọ, àwòrán náà ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Lẹ́ǹsì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Bí fọ́tò rẹ bá fẹ̀ tó píksẹ́lì 6000, fídíò 4K tó wọ́pọ̀ ò gbà ju 3840 lọ, àyè wà láti fi keyframe (àmì tó o fi ń sọ ìwọ̀n àwòrán ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí nínú ètò tó ń to fídíò) tún un ṣe. Ya ọ̀kan ní àmì àkọ́kọ́, ọ̀kan ní àmì ìkẹyìn, kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn ló máa sọ iye àyè tó yẹ kó o fi sílẹ̀ létí àwòrán.