Bí ẹ ṣe lè fi igbá kan àti ẹ̀wà kọ́ ọmọ tí kò rí òkun rí nípa ààbò òkun

Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀. Bí mo bá béèrè pé ta ló ti fojú ara rẹ̀ rí òkun rí, ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló ń nà sókè, bẹ́ẹ̀ gbogbo kíláàsì ló ti jẹ ṣáwá lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n mọ Igbó Olókun. Wọ́n mọ ìtàn Ajíbógun tó lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà sàn. Ìtàn yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ pé omi òkun ti wọ Ifẹ̀ rí yóò jókòó gbọ́ ìyókù.

Ẹ wá bésìnì fífẹ̀ kan, igbá kékeré kan tó lè jókòó sí àárín rẹ̀, ẹ̀wà, ṣíbí mẹ́rin àti aago. Ẹ má bu omi sínú bésìnì o. Mo bu ú lọ́dún àkọ́kọ́. Kí a tó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, èèpo ẹ̀wà ti hunjọ, ó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí, iye tí a kà kò sì pé mọ́. Gbígbẹ ni kí ẹ fi ṣe é.

Ẹ ka 100 hóró ẹ̀wà sínú bésìnì láìtíì gbé igbá sí i. Ẹ ní òkun ni bésìnì, ṣáwá ni ẹ̀wà. Ọmọ mẹ́rin yóò mú ṣíbí, ẹ ó ka ìṣẹ́jú-àáyá 10, kálukú yóò bu ohun tó bá lè bù. Iye tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi iye kan náà kún un, torí ẹja ti bímọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Nínú kíláàsì tèmi, 30 ló sábà máa ń kù lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Ó di 60. Lẹ́yìn ìkejì, bóyá mẹ́jọ. Ní ìkẹta, ṣíbí ń ha ìdí bésìnì lásán.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ wá béèrè pé: ta ló jalè? Wọn yóò wo ojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó jalè. Ṣíbí kan ni kálukú mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀ kí wọ́n máa bú apẹja. Apẹja tó ní ọmọ nílé kò lè dá ṣíbí rẹ̀ dúró nígbà tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń bù.

Ó wá kan igbá. Ẹ ní òun ni apá òkun tí a yà sọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀. Ẹ gbé e sí àárín bésìnì, ẹ fi ẹ̀wà 20 sínú rẹ̀, kí 80 wà níta. Ṣíbí kankan kò gbọdọ̀ wọ inú igbá. Lẹ́yìn ìpẹja kọ̀ọ̀kan, 20 inú igbá yóò bí 20 mìíràn. Ẹ da 20 yẹn síta. Àwọn tó ṣẹ́ kù níta náà yóò bímọ. Bí wọ́n tilẹ̀ bu gbogbo ti ìta tán, wọn yóò rí 20 bù nígbà tó ń bọ̀. Ẹ ṣe é títí dé ìgbà karùn-ún, kí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ iye tí wọ́n rí bù láìsí igbá àti èyí tí wọ́n rí bù pẹ̀lú igbá sójú pátákó.

Ìgbà yìí ni kí ẹ sọ fún wọn pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Cabo Pulmo, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, wọ́n ya apá kan òkun sọ́tọ̀ ní 1995, àwọn ará abúlé náà sì dúró tì í, wọ́n dẹ́kun ìpẹja níbẹ̀. Láàárín 1999 sí 2009, ìwọ̀n ẹja ibẹ̀ di ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ẹ fi kún un pé ìyá ẹja tó ti dàgbà máa ń yé ẹyin ju ọ̀pọ̀ kékeré lọ. Inú igbá nìkan ni ẹja ti ń ráyè dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí síta nígbà tí a ń ṣe é lọ́wọ́. Mo padà dé, hóró mẹ́ta ló kù nínú igbá. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, “Mà, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.” N ò nà án. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń yan ọlọ́dẹ kan tí kò ní ṣíbí. Àwọn ọmọ ló sì béèrè ohun tí ọlọ́dẹ yóò jẹ. Wọ́n fẹnu kò pé kí apẹja kọ̀ọ̀kan máa dá hóró méjì fún un. Ọ̀pọ̀ ibi ààbò inú òkun lágbàáyé ló wà lórí ìwé lásán nítorí pé kò sẹ́ni tó dá hóró méjì yẹn.

Orúkọ ibi àti ọdún, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù. Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀ lórí yíya apá òkun sọ́tọ̀ ní 1972, lẹ́yìn tí epo rọ̀bì ya sínú òkun ní Santa Barbara ní 1969. Àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ní 1975, ni ibi tí ọkọ̀ ogun Monitor rì sí lẹ́bàá North Carolina ní 1862. Wọn yóò bi yín pé kí ni a ń dáàbò bo òkú ọkọ̀ sí. Ẹ ní sàréè ni, àwọn ènìyàn bá a lọ, ẹja sì ti sọ ọ́ di ilé. Ẹ ṣàlàyé pẹ̀lú pé ní ọ̀pọ̀ ibi ààbò Amẹ́ríkà, ìpẹja ṣì ń lọ. Ohun tí òfin sábà máa ń dè ni dída ìdọ̀tí sómi àti bíba ìsàlẹ̀ òkun jẹ́. Igbá tiwa le ju tiwọn lọ. Nítòsí wa, Gàbọ́ọ̀nù kéde 20 irú ibi bẹ́ẹ̀ ní 2017. Nàìjíríà ní òfin pé kí ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n má ṣe wọ máìlì òkun 5 tó sún mọ́ etíkun, kí ọlọ́kọ̀ ọpọ́n lè ráyè.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan Papahānaumokuākea, apá òkun kan ní Hawaii tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 2006, ẹ sọ pé ibi ọ̀wọ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Ọmọ kan yóò dárúkọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti pa ẹja. Ẹ yìn ín. Kí ẹ wá bi í pé: àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí omi fi pọ́n, ṣé wọ́n wọ inú igbó náà? Wọn ò wọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ wọn ló wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá lè kó wọn dé etí odò Ọ̀pá, ẹ fi ọ̀rá piọ́wọ́tà tó ń léfòó hàn wọ́n, kí ẹ ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka ibi tó ń lọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ni kí wọ́n bi ẹlẹ́ja ní Odò-Ògbè léèrè bí ẹja ṣe rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ìyá àgbà ọmọbìnrin kan fi ọwọ́ wọn bí ẹja kan ṣe gùn tó nígbà náà fún un, láti orí ìka dé ìgúnpá. Ọmọ náà dé kíláàsì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà náà sójú pátákó, ó sì fa ìlà ẹja tí ìyá rẹ̀ rà lánàá sábẹ́ rẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n má nu pátákó náà títí di ọjọ́ Ajé.