Bí A Ṣe Ń Yan Ìlapa Èrò fún Àròkọ Ìwọlé sí Yunifásítì Òkèèrè

Ẹni tó ṣe ìdánwò JAMB kì í kọ àròkọ nípa ara rẹ̀ kí ó tó wọ yunifásítì, nítorí máàkì ni wọ́n fi ń gbà á wọlé. Ìgbà tó bá ń wá ààyè sí Amẹ́ríkà ni yóò kọ́kọ́ bá a pàdé, nínú fọ́ọ̀mù Common App tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ jọ ń lò: àròkọ kan tí kò gbọdọ̀ dín ní 250 ọ̀rọ̀, tí kò sì gbọdọ̀ ju 650 lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo ti ka irú rẹ̀ púpọ̀, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ọmọ tó kọ ọ́ kì í ṣe òpè. Kò yan ìlapa èrò kí ó tó mú gègé ni.

Ẹ má tíì kọ gbólóhùn kankan. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ ohun tí ẹ máa ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán yín, ohun tó ti yí èrò yín padà, àti iṣẹ́ ilé tí ọwọ́ yín mọ̀. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé láti ọjọ́ náà ni ìwà yín ti yàtọ̀, ìtàn kan ṣoṣo yẹn ni kí ẹ sọ. Bí kò bá sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe hùmọ̀ ìpọ́njú tí kò ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá ń sọ ìtàn kan yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí òun ṣe sí i, àti ohun tó yé òun lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣòro náà ló máa ń gba gbogbo ààyè. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá yín, 150 ọ̀rọ̀ tó láti fi ròyìn rẹ̀, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ gbà wọlé, kì í ṣe bàbá yín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tí ayé rẹ̀ lọ geere ni sísín ìlẹ̀kẹ̀: nǹkan kan ni okùn, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ aláró kan ní Abẹ́òkúta tó fẹ́ kọ́ kẹ́mísírì. Àdìrẹ ni okùn rẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ìkòkò aró, níbi tí aṣọ ti ń jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, tí yóò sì di àwọ̀ aró lójú rẹ̀, tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ẹ̀lú. Ìpínrọ̀ kejì lè jẹ́ nípa ìyẹ́ adìẹ tí ìyá rẹ̀ fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Ẹ̀kẹta, nípa bí ó ṣe ń ná ọjà pẹ̀lú oníbàárà ní Ìtòkú. Ìbéèrè, sùúrù àti ìgboyà nìyẹn, láìdárúkọ ìkankan nínú wọn. Bí ìlẹ̀kẹ̀ méjì bá ń sọ ohun kan náà, ẹ yọ ọ̀kan.

Ní ti Bìrìtìkó, UCAS, àjọ tí ẹ óò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ béèrè ààyè ní yunifásítì ibẹ̀, ti bá yín yan ìlapa èrò tiwọn: láti orí àwọn tó ń wọlé ní 2026, ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ óò dáhùn nípa ìdí tí ẹ fi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, bí ẹ̀kọ́ yín ṣe múra yín sílẹ̀, àti ohun mìíràn tí ẹ ti ṣe lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 4,000 lẹ́tà lọ, àlàfo pẹ̀lú, nítorí náà ẹ fi ìtàn gígùn sílẹ̀, kí ẹ sì dáhùn tààrà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó mọ̀ yín dáadáa, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ìpínrọ̀ náà sọ nípa yín. Èyí tí kò bá rí nǹkan kan sọ sí, ẹ yọ ọ́ kúrò, kódà bí èdè rẹ̀ bá dùn jù lọ.