Bí a ṣe ń wọn ìyára ìkànnì ayélujára, tí a sì ń mú un yá sí i

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lórí ìkànnì yín, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, nítorí pé ojú ewé tó ń ṣí wàrà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ lè máa wọ́ bí ìgbín lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Ẹ lọ sí PageSpeed Insights, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ Google, ẹ fi àdírẹ́sì ojú ewé náà sí i, kí ẹ sì ka èsì ti fóònù.

Ohun mẹ́ta ni ẹ ó wò níbẹ̀. LCP ni àkókò tí àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ tó tóbi jù lójú ewé fi ń hàn. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ. INP, tó rọ́pò òṣùwọ̀n àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní FID ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ń wọn bí ojú ewé ṣe ń tètè dáhùn nígbà tí a bá tẹ nǹkan. Kò yẹ kó ju 200 ms lọ, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. CLS, tí kò yẹ kó ju 0.1 lọ, ń sọ bí nǹkan ṣe ń sún kiri lójú ewé, irú èyí tó ń mú kí ènìyàn ṣèèṣì tẹ ìpolówó nígbà tó fẹ́ ka ìròyìn. Bí ìkànnì yín bá lérò tó, ẹ ó rí ohun tí ojú àwọn àlejò fúnra wọn rí láàárín ọjọ́ 28. Èyí ni mo gbà gbọ́ ju máàkì ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Àwòrán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000 kàn ń jẹ dátà lásán lójú fóònù ni; ẹ dín in kù, ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, kí ẹ sì kọ width àti height rẹ̀ sínú kóòdù kí àyè rẹ̀ lè ti wà nílẹ̀ de é. Ẹ fi loading="lazy", tó ń jẹ́ kí àwòrán dúró di ìgbà tí òǹkàwé bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, sí àwọn àwòrán ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi sí èyí tó wà lókè pátápátá, torí òun ni LCP sábà máa ń wọ̀n.

Ní ti JavaScript, kóòdù tó ń mú kí nǹkan máa ṣiṣẹ́ lójú ewé, ẹ yọ èyí tí ẹ kò lò mọ́, kí ẹ sì fi defer sí ìyókù kó má bàa dá ojú ewé dúró. Bí ẹ bá fẹ́ gé fọ́ǹtì kéré, ìyẹn kí ẹ yọ àwọn lẹ́tà tí ẹ kò lò kúrò nínú fáìlì rẹ̀, tí ẹ sì ń kọ Yorùbá, ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá gé àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ dànù, fọ́ǹtì mìíràn ni fóònù yóò yá fún ẹ́ àti ọ̀, ọ̀rọ̀ yín yóò sì rí bí aṣọ alábùlẹ̀.

Ohun kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì mú èsì tó wà láàárín. Èsì ti àwọn àlejò yóò tó ọjọ́ 28 kó tó yí padà tán.