Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìrántí Ọ̀rẹ́ àti Aládùúgbò Tí Ó Ti Lọ

Ọdún 11 ni èmi àti Bàbá Ìbejì fi ṣe aládùúgbò ní Ìbàdàn, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa, ṣùgbọ́n ara ìwé ìkéde fídáù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì wọn ni mo ti kọ́kọ́ ka orúkọ àbísọ rẹ̀. Ojú tì mí. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun nípa aládùúgbò tí ó kú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀, orílẹ̀ rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti bí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n bá ti ilé wá ló mọ ìwọ̀nyí jù, wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó padà. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé gan-an ni kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Ẹbí ló mọ ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n aládùúgbò ló mọ ohun tí ó máa ń ṣe ní aago 5 ìdájí. Bàbá Ìbejì a máa gbá iwájú ilé wọn, a gbá tiwa mọ́ ọn, bí iná ọba bá sì ti dé, a fi ìdí ìgbálẹ̀ kan géètì wa lẹ́ẹ̀mejì kí a lè dìde fa omi. Irú èyí ni kí ẹ kọ sínú ìwé ìrántí tí wọ́n máa ń pín. "Èèyàn dáadáa ni, ó kó gbogbo ènìyàn mọ́ra" kò sọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni. Ojú ìwé kan tó, ṣùgbọ́n ẹ kà á sí etígbọ̀ọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó pa yín lẹ́rìn-ín lè jẹ́ èyí tí ilé kò fẹ́ kí ìta gbọ́.

Lójú tèmi, ohùn ṣe iyebíye ju àwòrán lọ. Bí ó bá ti fi ohùn ránṣẹ́ sí yín rí lórí WhatsApp, ẹ dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn kí ti ọwọ́ yín tó sọnù. Ẹ má sì ṣe yára kọ̀wé sí Facebook pé kí wọ́n sọ ojú ewé rẹ̀ di ti ìrántí. Bí wọ́n bá ti ṣe é, kò sí ẹni tí yóò tún lè wọlé sí i, bẹ́ẹ̀ àwòrán tí àwọn ọmọ ń wá lè wà níbẹ̀.

Ní ti ọjọ́, ẹ̀sìn olóògbé ni kí ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe tiyín. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá a máa ṣe fídáù ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn mìíràn a tún ṣe ti ọjọ́ 40, àwọn kan kò sì fara mọ́ ọn rárá, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná. Bí ó bá jẹ́ pé òbí rẹ̀ ṣì wà láyé, òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn, kò sí ti aṣọ ẹgbẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn fídáù ni ilé máa ń dá. Oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni opó Mùsùlùmí fi ń ṣe opó, àyàfi bí ó bá lóyún, ìgbà náà gan-an ni ó nílò ẹni tí yóò bá a dé ọjà, tí yóò bá a pe oníṣẹ́ iná. Ẹ wo ilé ìdáná yín pẹ̀lú. Abọ́ tánganran tí Bàbá Ìbejì fi gbé ẹran Iléyá wá ṣì wà lọ́dọ̀ wa nígbà tí ó kú, etí rẹ̀ ti họ, ẹnìkan sì ti fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ìdí rẹ̀. A kì í dá abọ́ padà lófìfo. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyàwó mi bu ẹ̀wà kún un, a sì jọ gbé e lọ. Ìyá Ìbejì gbà á, ó gbé e sókè wo ìdí rẹ̀, ó ní òun ti ń wá abọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí àga, ó ní kí a jókòó.